Omi Kò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Òógùn Kì í Ṣe Omi Lásán

Gbogbo ẹni tó wà lórí pápá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rí mi. Kí àwọn kan tó sọ ọ́ fún yín lọ́nà tí kò rí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn rẹ̀. À ń múra sílẹ̀ fún ìdíje ilé-sí-ilé tí gbogbo wa ń pè ní intaháòsì, èmi ni ilé wa sì yàn fún eré 1,500 mítà. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀, oòrùn ganrínganrín. Láti ìgbà tí mo ti mu ògì ní àárọ̀, omi kankan ò tíì kan ẹnu mi, torí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹni tó bá mu omi kó tó sáré, inú rẹ̀ á wúwo. Ó ku díẹ̀ kí n parí ìyípo kẹta ni òyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Mo ṣì ń sọ fún ara mi pé máa fara dà á ni pajápajá bá mú mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, mo bá jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀ láàárín pápá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń pè mí ní Ọ̀kadà Tí Epo Tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìyẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí o. Ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Fúráìdé ni. Mo ti pinnu pé irú ẹ̀sín yẹn ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́, nítorí náà mo ra píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, mo sì mu gbogbo rẹ̀ tán láàárín bí ogún ìṣẹ́jú kí a tó bọ́ sórí pápá. Lítà méjì gbáko! Bí mo ṣe ń sáré ni inú mi ń dún bíi kèrègbè. Mi ò parí ìyípo kan tí mo fi bì, orí sì fọ́ mi títí di alẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò bá mi wí. Wọ́n kàn wò mí lójú, wọ́n ní, "Fi ahọ́n kan apá ẹ." Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọ́n tún un sọ. Mo fi ahọ́n kàn án.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó níyọ̀, Mà."

"Ehn-ehn. Omi tó o wá ń dà sínú bí ẹni ń pọnmi sí àmù yẹn, ṣé ó níyọ̀?"

Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ikùn mi ló kún jù ni mo ṣe bì, kì í ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n ní tí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ kan máa bọ̀ tí kò ní jẹ́ èébì lásán. Mo padà sí kíláàsì, mo ṣí ìwé Bàólọ́jì mi, mo bi olùkọ́ wa ní ìbéèrè títí ó fi sú wọn. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí.

Iṣan wa dà bí ẹ́ńjìnnì. Tí a bá pín agbára tí iṣan ń lò nígbà eré sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta nínú rẹ̀ ló ń di ooru, ìdá kan tó kù ló ń gbé ẹsẹ̀. Tí ooru yẹn ò bá rọ́nà jáde, ara tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ísíọ́ọ̀sì á gbóná kọjá ààlà kíákíá. Òógùn ni ọ̀nà tí ara ń gbà tu ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ilé Màmá Àgbà lábúlé rí, ẹ mọ àmù. Kò sí iná mànàmáná nídìí rẹ̀, kò sí yìnyín, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ máa ń tutù. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́ ní ihò tíntìntín tí omi ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ lára ìkòkò, ooru ló ń gbé lọ. Bí awọ ara wa náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ ló ń tu ara. Èyí tó bá kán sílẹ̀ ti ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ fi máa ń le ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ: afẹ́fẹ́ ti rin, òógùn ò rí ibi gbẹ sí, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ara, ooru á sì wà níbẹ̀. Ọyẹ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Òógùn máa ń yára gbẹ débi pé èèyàn á rò pé òun ò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ń lọ.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí pé a wọ̀n ọ́n fúnra wa. Ní Mọ́ńdè, Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbà kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn mẹ́ta lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn. Kí n tó sáré, kìló 54 ni mí. A ṣeré fún wákàtí kan, mo mu píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo láàárín, mo nu òógùn kúrò lára dáadáa, mo tún gun ẹ̀rọ náà: kìló 52.9. Lítà omi kan jẹ́ kìló kan. Nítorí náà kìló 1.1 tó lọ, kí a fi ìdajì lítà tí mo mu kún un, òógùn mi jẹ́ lítà 1.6. Ìyẹn ju píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lọ, láàárín wákàtí kan! Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ga bákan náà, tí a jọ sá eré kan náà, lítà kan kò pé tirẹ̀. Bí a ṣe ń làágùn kò dọ́gba, ẹ má wo ẹnìkejì yín kí ẹ tó mọ iye omi tó yẹ yín.

Tí ohun tí èèyàn pàdánù bá ti kọjá ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, agbára rẹ̀ fún eré á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Fún èmi, kìló kan lé díẹ̀ ni. Inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ibi tí òógùn ti ń fa omi rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dínkù, bẹ́ẹ̀ iṣan ń bèèrè rẹ̀, awọ ara ń bèèrè rẹ̀ kó lè gbé ooru jáde, ọpọlọ náà ò gbẹ́yìn. Ọkàn á máa lù kìkì, kìkì, kó lè pín ìwọ̀nba tó kù. Mo rò pé ibi tí mo dé ní Ọjọ́rú yẹn nìyẹn, tí òyì fi kọ́ mi.

Ó wá ku iyọ̀. Ẹlẹ́kítíróláìtì ni ìwé ń pè é: àwọn iyọ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti yọ́ nínú omi, wọ́n lè gbé iná mànàmáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iná kékeré ló ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán sí ẹsẹ̀. Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ló pọ̀ jù nínú òógùn pẹ̀lú kílóráìdì tí wọ́n jọ ń rìn. Nínú lítà òógùn kan, iyọ̀ tó ń bá a lọ lè tó ìdajì ṣíbí tíì. Tàwọn kan kéré sí i, tàwọn kan pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí àlà funfun lẹ́yìn aṣọ eré yín lẹ́yìn tó gbẹ, iyọ̀ yín nìyẹn.

Pòtásíọ̀mù náà wà nínú òógùn, àmọ́ díẹ̀ ni. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá sí pápá bí oògùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n pòtásíọ̀mù ló ní, kì í ṣe òun ló máa dá iyọ̀ òógùn padà. Omi àgbọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ti pajápajá, ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru iyọ̀. Iṣan tó ti rẹ̀ jù máa ń fà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò sáré lẹ́ẹ̀kan péré nígbà ìsinmi. Mo jẹ́wọ́.

Ohun mìíràn tí sódíọ̀mù ń ṣe ni pé òun ló ń jẹ́ kí omi dúró sí ibi tó yẹ nínú ara. Ẹni tó ti làágùn iyọ̀ dànù, tó wá ń da omi lásán sínú láìdáwọ́ dúró, ohun tó ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí ọmọ aláṣejù ń ṣe fún ọbẹ̀ tó bá bu omi lé e: ó tẹ́. Kíndìnrín lè tọ omi tó bá pọ̀ jù dànù, àmọ́ ó níwọ̀n. Nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan ni agbára rẹ̀ mọ, tí a bá sì wà lórí eré, kì í tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á máa wú. Sẹ́ẹ̀lì apá tàbí ti ẹsẹ̀ lè wú díẹ̀ kó má sí wàhálà. Ti ọpọlọ ò rí bẹ́ẹ̀, torí agbárí kì í fẹ̀. Orí fífọ́, èébì, ọ̀rọ̀ dídàrú, gìrì. Ó lè pa èèyàn.

Ní eré Márátọ́ọ̀nù ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò lẹ́yìn eré. Sódíọ̀mù ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára 13 nínú 100 wọn, ti àwọn 3 sì burú débi tó lè gba ẹ̀mí. Ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Ohun tó hàn jù lára àwọn tó kó sí i ni pé wọ́n mu omi débi pé wọ́n wúwo lẹ́yìn eré ju bí wọ́n ṣe wúwo kí wọ́n tó sáré. Àwọn tó mu ohun mímu eléré ìdárayá náà ò mórí bọ́, torí omi ló pọ̀ jù nínú ìyẹn pẹ̀lú. Nítorí náà, tí ẹ bá gun ẹ̀rọ ìwọ̀n lẹ́yìn eré tí ẹ rí i pé ẹ ti sanra sí i, ẹ má yọ̀. Ẹ ti mu ju bó ṣe yẹ.

Ọ̀pọ̀ ìyá wa mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo ti máa ń rò pé kí ó lè dùn lẹ́nu ọmọ ni wọ́n ṣe ń fi ṣúgà sí i. Rárá o! Lára ògiri ìfun wa, ẹnu ọ̀nà kan wà tí sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì jọ máa ń gbà wọlé, bí ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ tì í kó tó ṣí. Tí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gbẹ́ni Robert Crane ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí lọ́dún 1960. Ẹnu ọ̀nà náà kì í tì, kódà nígbà tí àrùn onígbáméjì bá ń fa gbogbo omi ara jáde. Lọ́dún 1968, àwọn dókítà David Nalin àti Richard Cash fi hàn ní ìlú Dhaka pé aláìsàn onígbáméjì lè mu omi oníyọ̀ àti gúlúkóòsì, kí omi tí wọ́n ń fà sí i lára sì dínkù gan-an. Lọ́dún 1971, nígbà ogun tó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá wọ India. Omi tí wọ́n ń fà síni lára kò tó mọ́, Dókítà Dilip Mahalanabis bá ní kí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì sínú omi, kí àwọn ẹbí máa fi ife bù ú fún aláìsàn wọn. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, ó wá sílẹ̀ sí nǹkan tí kò tó 4.

Ọdún 1965 ni Dókítà Robert Cade àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida ti po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì náà, torí olùkọ́ wọn kan béèrè ìdí tí àwọn ọmọkùnrin yìí kì í fi tọ̀ nígbà ìdíje. Ìyàwó Cade ló ní kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè ṣeé mu. Ohun tó di Gatorade nìyẹn. Ìgò kan irú nǹkan báyìí lónìí lè gba owó oúnjẹ ọ̀sán wa fún ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí ilé ìdáná ìyá ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá fẹ́ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà nílé: omi tó mọ́, lítà kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl; ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà; iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì péré. Kí ṣíbí náà dọ́gba, kí ó má ga bí òkè. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá níyọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, torí iyọ̀ àpọ̀jù náà léwu, pàápàá fún ọmọdé. Ti ọjọ́ kan ni, kì í sùn di ọjọ́ kejì. Fún ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ṣe é, ẹni tó bá sì ń ṣeré fún ìgbà tí kò tó wákàtí kan kò nílò rẹ̀. Omi lásán ti tó irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nínú ìrẹsì àti ọbẹ̀, nínú ẹ̀wà, nínú mọ́ínmọ́ín. Ìgbà tí eré bá ju wákàtí kan lọ nínú oòrùn ló wúlò kí iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ wà nínú omi.

Ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí èmi máa ṣe ni pé kí n mu píọ̀ wọ́tà kan ní bíi wákàtí méjì ṣáájú eré, kí n rí àyè tọ èyí tó bá pọ̀ jù. Lórí pápá, kí n máa mu díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí òǹgbẹ bá ń gbẹ mí. Lẹ́yìn eré, fún kìló kan tó bá lọ, kí n mu bíi lítà kan àbọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, títí di alẹ́, kí n sì jẹun sí i. Kí n máa wo ìtọ̀ mi láàárọ̀: tó bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, omi ara mi ti kéré. Ẹni tó bá ń lo oògùn B-complex má fòyà, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtọ̀ di yẹ́lò.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́? Ṣúgà inú ọ̀pọ̀ wọn ti pọ̀ jù, á pẹ́ nínú ikùn kó tó wọ ara. Ẹ mu ún nígbà ayẹyẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ohun mímu alágbára, tó ní kaféènì, ẹ má gbé e wá sí pápá rárá.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń gbààwẹ̀, mi ò gbàgbé yín. Kí omi àti oúnjẹ tó níyọ̀ díẹ̀ wà nínú sààrì yín. Tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ ṣeré nígbà tí ìṣínu ti sún mọ́, kí omi lè tẹ̀ lé e kíákíá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, tí aláàwẹ̀ bá ní òyì ń kọ́ òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Nǹkan kan wà tó ju òyì lọ. Tí ẹnìkan bá ń sọ ìsọkúsọ lórí pápá, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò mọ ibi tó wà, tí ara rẹ̀ sì gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ooru ti wọ ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Ara rẹ̀ ti lè kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má yí i ká máa wò ó. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ. Kí ẹnìkan sáré pe nọ́ọ̀sì, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀, àmọ́ kí omi má dáwọ́ dúró títí ọkọ̀ á fi dé. Tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Lọ́jọ́ Tuesday, àwa mẹ́ta gbé ìwé tí a kọ ìwọ̀n ara wa sí lọ bá olùkọ́ eré ìdárayá wa. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀, torí àwọn ni wọ́n máa ń sọ pé nígbà tiwọn, kò sẹ́ni tó ń mu omi títí bọ́ọ̀lù fi máa parí. Wọ́n wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n ní, "Lítà kan lé, láàárín wákàtí kan? Ìwọ tó o rí pẹlẹbẹ yìí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Ní Ọjọ́rú àná, a bá kẹ́ẹ̀gì omi kan lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá pápá. Kí oníkálukú mú ife tirẹ̀ wá o, a ò fẹ́ kí onígbáméjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá ẹnu ife kan náà wọlé.

Mo sáré 1,500 mítà náà parí. Ipò kẹrin ni mo gbà, ẹ̀rọ ìwọ̀n sì ní kìló 53.6. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ọ̀kadà, àmọ́ wọ́n ti yọ Epo Tán kúrò níbẹ̀.